Ọdún Tí A Sọ Wáyà Lórúkọ

Ní ọdún tí èkúté jẹ gbogbo wáyà inú ọkọ̀ Bàbá mi tán, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara ni Lọ́kọ́ja ṣì wà, ilé wa sì jẹ́ ilé aláriwo. Mo ti gbé nínú ilé tó dákẹ́ láti ìgbà náà, ara mi kò sì gbà á dáadáa. Ní ilé wa, fèrè ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò sọdá Odò Ọya ló kọ́kọ́ máa ń dún láàárọ̀, odó Ìyá mi á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni òòlù Onímísì. Onímísì ni wẹ́dà tó ń jó irin, ọmọ Ebira, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ọgbà wa. Ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tí wọ́n ń lé, bí inú bá sì bí i, á bọ́ sí Pijin. Bàbá mi á wà ní balùwẹ̀, á máa kọ orin ìjọ ní ohùn tirẹ̀ tí kò bá ti ẹnikẹ́ni mu, Ìyá mi á sì ké láti ìdí ààrò pé, "Bàbá Ṣẹ́gun, Ọlọ́run ti gbọ́ o!" Ṣẹ́gun ni àkọ́bí, èmi Dúpẹ́ ni mo tẹ̀ lé e, Bísí tẹ̀ lé mi, Kọ́lá sì ni àbíkẹ́yìn. Ìyá àgbà, ìyá tó bí Bàbá, ṣì wà ní abúlé rẹ̀ ní Bùnú nígbà náà, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé ó ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ wa, nítorí pé orúnkún ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò sì sí ẹni tí yóò máa pọnmi fún un mọ́.

Pósítọ́fíìsì ni Bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́tà ló ń tò. Ojoojúmọ́ ni yóò mú lẹ́tà, yóò wo orúkọ tó wà lára rẹ̀, yóò sì jù ú sínú àpótí tó yẹ, láìkánjú, láìbínú. Bí ọkọ̀ eré ìje ṣe wá wọ ayé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni a kò lóye títí di òní. Wọ́n rán an lọ fi tẹligíráàmù lé àwọn tó ń ṣe ọ̀nà lọ́wọ́ ní apá Fẹ̀lẹ̀lẹ̀, nígbà tí igbó ṣì pọ̀ níbẹ̀ ju ilé lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn àti àwọn òyìnbó ọ̀gá wọn ti fi katapílà ha ilẹ̀ pupa kan ní róbótó, wọ́n sì máa ń fi ọkọ̀ sáré yí i ká ní ọjọ́ Sátidé kan lóṣù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bàbá mi dúró wò wọ́n. Ó padà wálé pẹ̀lú eruku ní ìpéǹpéjú, ó jẹ ẹ̀bà rẹ̀ tán, ó fọ ọwọ́, ó ní, "Èmi náà máa ṣe tèmi." Kò pẹ́ tó fi ra òkú Ìjàpá kan, ọkọ̀ ẹlẹ́yìn rìbìtì yẹn tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn. Òun àti Onímísì bọ́ gbogbo ara rẹ̀ kúrò, ó ku táyà, irin pẹlẹbẹ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì. Onímísì jó páìpù irin yí i ká títí ó fi dà bí àgò adìẹ, wọ́n sì de àga onígi kan mọ́ àárín rẹ̀ tí Bàbá yóò jókòó lé. Àwa ọmọ rò pé kò sí ohun tó dára tó o ní gbogbo Lọ́kọ́ja, láti Paparáńdà títí dé etí odò.

Ìyá mi kò rò bẹ́ẹ̀, nítorí pé abẹ́ àtíbàbà rẹ̀ ni wọ́n gbé e sí. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì ni ọkọ̀ náà fi wà níbẹ̀ láìparí. Lójoojúmọ́ tí Bàbá bá ti ibi iṣẹ́ dé, á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, á wọ singílẹ́ẹ̀tì, á lọ tú nǹkan kan, á nù ún, á wò ó sínú oòrùn, á sì dá a padà síbi tó wà. Ọlọ ata ti kúrò níbẹ̀, igi ìdáná ti kúrò níbẹ̀, òjò sì ń pa àwọn méjèèjì. Bí a bá béèrè ìgbà tí yóò parí, Bàbá á ní, "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ìyá mi á dá a lóhùn pé ẹ̀sọ̀ yẹn ti hu irùngbọ̀n. Èmi tí mo ti dàgbà wá mọ̀ nísinsìnyí pé àwọn ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé àìparí ohun ni ìgbádùn rẹ̀ fún wọn, pé bí ó bá parí, ẹ̀rù ohun tó kàn yóò bà wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ni Bàbá mi.

Nígbà tí ìròyìn dé pé Ìyá àgbà ń bọ̀ ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé Sátidé eré, Ìyá mi dúró ní iwájú àtíbàbà, ó kó ọwọ́ sí ìbàdí. Ó ní, "Bàbá Ṣẹ́gun, Ìyá ń bọ̀, òfì wọn sì ń bọ̀. Wọn ò lè jókòó láìhun aṣọ, ẹ̀yin náà mọ̀. Ìlọrin ni mo dàgbà sí, mo mọ bí òfì ṣe ń gba àyè; òwú nìkan á nà láti ibí dé ẹnu géètì. Ṣé inú oòrùn ni mo máa gbé ìyá ọkọ mi sí nítorí irin? Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì? Tí nǹkan yìí bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde níbí ní Sátidé, kó lọ máa gbé ọ̀dọ̀ Onímísì. Tí kò bá lè jáde, kí Onímísì gé e, kó fi ṣe géètì fún ẹni tó bá fẹ́." Bàbá mi wo òun náà, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Mo ti gbọ́." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n ṣí abẹ́ ìjókòó, tí wọ́n rí i pé èkúté ti fi wáyà ṣe oúnjẹ, wọ́n tún ti fi ìyókù tẹ́ ìtẹ́ fún àwọn ọmọ wọn. Ríwáyà tó mọ̀ nípa iná ọkọ̀ ní àdúgbò wa ti lọ wá iṣẹ́ ní Ajàókúta. Bàbá ní kò burú, òun fúnra òun ni yóò ṣe é. Ó ra odidi róòlù wáyà kan, gbogbo rẹ̀ dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé ìyẹn ló wà. Onímísì bi í bí yóò ṣe mọ èyí tó jẹ́ ti ibo nígbà tí wọ́n bá ti kì wọ́n gba inú páìpù kọjá. Bàbá mi rẹ́rìn-ín ẹ̀rín òṣìṣẹ́ pósítọ́fíìsì. Ó ní, "Lẹ́tà tí kò bá ní orúkọ kì í délé. A máa sọ wọ́n lórúkọ." Ó wá jókòó, ó mú ìwé kékeré kan àti pẹ́ńsù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín wáyà fún àwọn ará ilé. Wáyà tó nípọn tó ti ara bátìrì wá di Ìyá wa, nítorí pé ibẹ̀ ni agbára ilé wà. Èyí tó wọlẹ̀ lára irin di Bàbá fúnra rẹ̀, ó ní orí òun kúkú ni gbogbo wa ń tẹ̀. Ṣẹ́gun ni ti sítátà, nítorí pé bí kò bá jí láàárọ̀ kò sẹ́ni tó ń rí omi wẹ̀. Kọ́lá ni kọ́ìlì tó ń fún ẹ́ńjìnnì níná, ìyẹn torí pé kò sí ohun tí kì í tanná ràn. Fèrè ni wọ́n fún mi, n kò ní láti sọ ìdí rẹ̀. Bísí tó máa ń dúró lójijì lójú ọ̀nà láti wo kòkòrò ni iná bíréékì. "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," Bàbá wí, inú rẹ̀ sì dùn sí ara rẹ̀ gidigidi.

Bí a ṣe ṣe é nìyí. Bàbá á de ẹ̀yìn wáyà kọ̀ọ̀kan mọ́ ibi tó yẹ lára ọkọ̀, Onímísì á kì í gba inú páìpù wá síwájú, èmi á sì so àmì mọ́ orí rẹ̀ níbi tó ti yọ jáde lábẹ́ sítíárì. Bàbá ní kí àmì náà jẹ́ èékìrí aṣọ tí a gé lára aṣọ ẹni tó ni orúkọ, nítorí pé ìwé máa ń ya, aṣọ kì í tètè ya. Èmi ni wọ́n rán. Mo gé ti Ìyá lára ìró àlòkù, mo gé ti Bàbá lára kákí. Nígbà tó kan àwa ọmọ, mo wo àwọn aṣọ ilé wa, wọ́n ti gbó, wọ́n sì rí jákujàku, mo sì rò ó pé ọkọ̀ tí yóò lọ sáré níwájú àwọn òyìnbó kò yẹ kó ru àkísà. Mo ṣí àpótí, mo kó aṣọ Kérésì wa jáde, mo gé díẹ̀ díẹ̀ láti inú ibi tí Ìyá ṣẹ́po ní ìsàlẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Mo so wọ́n dáadáa, mo tún ta kókó kejì. Kò sí ẹni tó bi mí ní nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ìgbéraga kékeré kan tilẹ̀ wà lọ́kàn mi, pé aṣọ mi tó rẹwà wà lára ọkọ̀ Bàbá mi.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú eré, Bàbá wọ abẹ́ sítíárì láti so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bátìrì wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń cháàjì rẹ̀ nínú ìlú, àárọ̀ Sátidé ni yóò dé. Ìyá ń din àkàrà, òórùn rẹ̀ sì kún ọgbà. Mo gbọ́ ohùn Bàbá lábẹ́ ibẹ̀, "Ìyá Ṣẹ́gun rèé. Èmi rèé. Ṣẹ́gun... Ṣẹ́gun dà?" Ó tún ní, "Dúpẹ́, wá wò ó." Mo tẹ orí mi wọlé. Aṣọ mẹ́rin ló rọ̀ dìrọ̀dìrọ̀ níwájú wa, búlúù ni gbogbo wọn, ẹyẹ yẹ́lò sì wà lára gbogbo wọn. Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ ní ilé bíi tiwa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: ìdìpọ̀ aṣọ kan ṣoṣo ni Ìyá mi máa ń rà ní ọdún Kérésì kọ̀ọ̀kan, ara rẹ̀ ni yóò ti rán ti gbogbo wa, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ti ẹnìkan dára ju ti òun lọ. Onímísì wo aṣọ mẹ́rin náà, ó wo mí, ó gbé ọwọ́ lé orí. "Chai! Dis pikin don finish us o." Bàbá kò bú mi. Ó kàn jókòó sórí ilẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ní kọ́ìlì kan ṣoṣo ni àwọn ní, bí àwọn bá so wáyà tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́ ọn, ó lè jóná, tí kọ́ìlì bá sì jóná, Sátidé ti lọ nìyẹn. Ọmọkùnrin mi tó kọ́ ẹ̀kọ́ iná ti fi mí rẹ́rìn-ín lórí ọ̀rọ̀ yìí láìmọye ìgbà; ó ní gílóòbù tọ́ọ̀ṣì àti òkúta bátìrì méjì ì bá ti yanjú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òótọ́ ló sọ. Kò sí ẹni tó rántí tọ́ọ̀ṣì.

Mo sá lọ sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi, mo sunkún débi pé èémí mi ń já. Mo rí i kedere lójú ara mi bí Onímísì yóò ṣe máa gé ọkọ̀ náà, páìpù kan tẹ̀ lé òmíràn, nítorí èmi tí mo fẹ́ ṣe fáàrí. Ìyá mi ló wá bá mi, ọwọ́ rẹ̀ kún fún òróró àkàrà. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn, àtíbàbà rẹ̀ ṣáà ti fẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó gbọ́ ẹjọ́ mi tán, ó ní, "O gé aṣọ Kérésì?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa, ìyẹn á ní ọjọ́ tirẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Dìde." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó lọ sábẹ́ àtíbàbà tí kò wọ̀ láti ẹ̀ẹ̀rùn méjì, ó fa àpótí ìjókòó kan, ó sì jókòó ti ọkọ rẹ̀. "Ẹ mú wọn sún mọ́ mi," ó wí.

Ó mú èyí àkọ́kọ́, ó gbé e sí imú. Ó ní ti Ṣẹ́gun nìyẹn, kẹrosíìnì ń rùn lára rẹ̀. Òun ló ń rọ epo sí àtùpà, kì í sì nu ọwọ́ síbòmíràn ju ara aṣọ lọ, ọjọ́ Kérésì ò sì yọ ọ́. Ó mú èkejì, ó yí i wò, ó fi èékánná tọ ìlà kan tó dúdú ju ìyókù lọ. Ó ní ti Kọ́lá ni. Ọmọ náà ga lójijì, òun tú ẹsẹ̀ aṣọ náà kí ó lè gùn sí i, oòrùn kò sì tíì jẹ ibi tí òun tú. Bàbá ń wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. Ó ní, "Báwo lo ṣe mọ gbogbo èyí?" Ìyá mi ní, "Ta ló ń fọ̀ ọ́?" Ó wá ku ti èmi àti ti Bísí. Ó gbé ọ̀kan sí ọwọ́ ọ̀tún, èkejì sí òsì, ó fọwọ́ ra wọ́n, ó gbé wọn sí oòrùn. Ọjọ́ kan náà ló ń fọ̀ wọ́n, inú omi búlúù kan náà ló sì ń rì wọ́n bọ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún. "Ti Dúpẹ́ nìyí. Mo rò bẹ́ẹ̀." Bàbá ní, "O rò bẹ́ẹ̀?" Ó ní, "Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀." Ojú tó fi wí i kò gba ìbéèrè kejì. Kò sì padà lọ sídìí àkàrà. Bísí ló lọ din ìyókù, àkàrà náà sì jóná. Títí ilẹ̀ fi ṣú ni Ìyá mi jókòó síbẹ̀, tó ń gé tépù lé Bàbá lọ́wọ́, tó sì ń sọ fún un pé ẹnu ni ó ń fi ṣiṣẹ́ dípò ọwọ́. Ẹ̀rín Bàbá ń jáde lábẹ́ sítíárì.

Ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n gbé bátìrì dé. Gbogbo wa dúró. Bàbá wọ inú àgò irin náà, ó yí kọ́kọ́rọ́. Sítátà wúkọ́ díẹ̀, ó tún wúkọ́, ẹ́ńjìnnì náà sì bú jáde, àwọn adìẹ fò kọjá ọgbà, Onímísì sì ń jó káàkiri pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Kọ́lá ń ké pé, "Èmi ni! Èmi ni mo tan iná!" Ọkọ̀ náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde lábẹ́ àtíbàbà, ó dé ẹnu géètì, Bàbá tẹ bíréékì, fèrè sì dún. Ó tẹ fèrè, iná bíréékì tàn lẹ́yìn. Wáyà èmi àti ti Bísí ti gba ipò ara wọn, gbogbo ojú sì yí sọ́dọ̀ Ìyá mi. Ó ní òun kò ṣì í, pé ẹni tó kọ orúkọ sínú ìwé ni kí a lọ bi. Títí tó fi di arúgbó, orí ọ̀rọ̀ yẹn ló dúró sí. Àyè kò sí láti tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ṣe lọ sáré ní Fẹ̀lẹ̀lẹ̀, tó jẹ́ pé ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti yà, tó bá ti tẹ bíréékì, fèrè á ké, ẹni tó wà níwájú á sì yà fún un nítorí pé ó rò pé ewu ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó di ẹnì kejì nígbà kan. Lẹ́yìn náà ni àṣírí tú, wọ́n kò yà mọ́, ó sì ṣe ipò kẹrin nínú ọkọ̀ márùn-ún. Ìyá mi tó sọ pé òun ò ní lọ wà níbẹ̀, ó ká gèlè sọ́wọ́, ó ń jù ú sókè, ohùn rẹ̀ ti há kí eré tó parí. Láti ibẹ̀ ni Bàbá ti wa ọkọ̀ náà tààrà sí ọgbà Onímísì, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá mi gbá àtíbàbà, ó fi omi fọ ilẹ̀ rẹ̀, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀ nígbà tí Ìyá àgbà sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akérò. "Ọ̀kún o, ìyàwó," ó kí i bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn ní Bùnú. Ẹrù rẹ̀ kò ju àpò kan àti igi mélòó kan tí wọ́n dì pọ̀. Ó jẹ iyán, ó mu omi, ó sì ní kí a fi ibi òfì han òun. Ó wo àtíbàbà gbàgàdà náà yíká. Ó ní kí Ṣẹ́gun gbé àwọn igi náà dúró ti ògiri ẹ̀yìn, ó so méjì ní òró, ó so méjì ní ìbú, ó sì nu ọwọ́. Ìyá mi dúró, ó ń retí. Ó ní, "Ìyá, òwú ńkọ́? Ṣé kò ní nà jáde ni?" Ìyá àgbà ní, "Nà lọ síbo? Ti ọkùnrin ló ń nà káàkiri. Òfì obìnrin nìyí, ògiri kan ló ń fẹ́. Kí ni mo fẹ́ fi gbogbo àyè yìí ṣe, ijó? Ọkọ rẹ ò sọ fún ọ ni? Ìdí òfì yìí ló ti kọ́ ìrìn."

Ìyá mi yíjú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sí Bàbá, tó ń wo bàtà rẹ̀. "Ẹ mọ̀?" Ó ní, "Mo mọ̀." "Láti ọjọ́ tí mo ti ń pariwo?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rù bà mí, mo di Bísí lọ́wọ́ mú. Bàbá gbé ojú sókè. Ó ní, "Ìyá Ṣẹ́gun, ká ní mo sọ ni, títí di ọdún tó ń bọ̀ ni ǹ bá ṣì máa fọwọ́ ra irin yẹn. Ìwọ náà ì bá sì má wá jókòó tì mí." Ìyá mi wo ògiri, ó wo ilẹ̀ tó fọ̀ mọ́ tónítóní, ẹ̀rín sì gbá a mú débi pé ó di òpó àtíbàbà mú kó má baà ṣubú. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní kí Bàbá lọ gbé ọkọ̀ náà wá kí ilẹ̀ tó ṣú. A gbọ́ bí ó ṣe ń bọ̀ láti ọgbà Onímísì. Ìyá mi ti dúró sí ẹnu géètì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó ń ké pé, "Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀, ẹ yà sọ́tùn-ún díẹ̀," Bàbá mi sì ń yà síbi tó bá ní kí ó yà sí.